Ilé Kíkọ́ sí Ìlú Onílùú

Bí ọ̀rọ̀ ilé bá délẹ̀ láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé Niamey, olú ìlú Niger, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè ni iye tí yóò máa mú wọlé lóṣù. Jókòó síwájú ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ nítòsí ọjà Katako, kí ẹnì kan ṣèèṣì dárúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ń tà ní Koubia tàbí lójú ọ̀nà Tillabéri, ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn kí tíì àkọ́kọ́ tó hó: owó ilẹ̀, owó símẹ́ǹtì, owó irin, owó bíríkìlà, ọdún mélòó ni owó yóò fi padà sápò. Ìṣirò náà kò burú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ilé tí mo mọ̀ tó bọ́ mọ́ onílé lọ́wọ́ ní ìlú yìí, n kò rántí ẹyọ kan tí àṣìṣe ìṣirò gbé lọ. Omi ló gbé òmíràn, ìwé ló gbé òmíràn, àṣẹ ìjọba gbé òmíràn. Àwọn kan sì wà tí ọmọ ìyá jà lé lórí títí ilé fi di ti àjèjì.

Ìbéèrè tí mo rò pé ó yẹ kó ṣáájú ni pé, ta ni yóò dúró tì ọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bá dé? Ẹni tó ń wá èrè lè rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán nìyẹn. Ṣùgbọ́n owó ló wà nínú rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìwé. Ní Niamey, kí ẹni tó ń talẹ̀ ní “ìwé wà” kò tíì sọ nǹkan kan. Ìwé wo? Ìdílé Zarma tí babańlá wọn ti ń gbin jéró sórí ilẹ̀ kan kí ìlú tó dé ibẹ̀ lè ta oko wọn, kí baálẹ̀ fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí tẹ̀ka. Ìwé nìyẹn. Bí ìjọba bá ti wọn ilẹ̀ náà, tí wọ́n gé e sí pọ́lọ́ọ̀tì, tí wọ́n fi nọ́ńbà sí i, ìwé tí wọ́n ń pè ní acte de cession ni ẹni tó rà á yóò gbà. Ìwé nìyẹn náà. Lókè gbogbo wọn ni titre foncier wà, èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé ńlá ìjọba, tí báńkì ń gbà tí ilé ẹjọ́ sì ń gbà. Oríṣi rẹ̀ kan wà tó rọrùn láti rí gbà, Sheida ni wọ́n ń pè é, torí àwọn onílé kéékèèké ni wọ́n sì ṣe gbé e jáde. Ẹni tó bá dúró sórí ti àkọ́kọ́ nìkan, ọ̀rọ̀ ẹnu ló rà, àfi pé wọ́n bá a kọ ọ̀rọ̀ ẹnu náà sílẹ̀. Bí baálé tó tà á bá papò dà, tí ọmọ rẹ̀ kan tó ti lọ ṣiṣẹ́ ní Cotonou bá dé, tó ní òun kò sí nílé nígbà tí wọ́n tà á, ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ẹlẹ́rìí tó tẹ̀ka ni gbogbo ohun tí o ní, bí wọ́n bá ṣì wà láyé, tí wọ́n sì ṣì fẹ́ràn rẹ.

Ilẹ̀ kan wà tó burú ju èyí lọ. Ní 1965 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi yí Niamey ká, kí ẹ̀fúùfù aṣálẹ̀ má baà máa da iyanrìn bo ìlú. Ceinture verte ni orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ilé ti kún apá kan níbẹ̀ débi pé àlejò kò ní mọ̀ pé igbó ọba ni òun ń rìn nínú rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ní ìwé. Wọ́n ra ilẹ̀ wọn lọ́wọ́ ẹni tó bá wọn nájà, tó gba owó, tó tún ṣàdúrà fún wọn. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé ẹni náà kò nílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti etí títì. Ṣáájú ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà tó wáyé ní oṣù Keje 2019, nígbà tí wọ́n ń tún Niamey ṣe de àlejò, tí ilé ìtura Radisson Blu ń ga sókè, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìsọ̀ onípáànù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Onílé kan tí mo mọ̀ ti ń gba owó oṣù lórí àwọn ìsọ̀ tó tò síwájú ilé rẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Owó náà ló fi ń rán ọmọ níléèwé. Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan, ó rí i pé iwájú ilé òun kì í ṣe ara ilé òun.

Ṣùgbọ́n èyí tó gbà mí lọ́kàn jù nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Niamey, tí n kò rí irú rẹ̀ ní Ìbàdàn, ni ti àwọn ará ahéré. Ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́ kì í ṣófo níbí. Láàárín àwọn ilé alájà pàápàá, ẹ ó rí ahéré koríko, ẹní tí wọ́n fi ṣe ògiri, ìkòkò lórí ààrò òkúta, ewúrẹ́ méjì. Ọkọ á máa ti ọmọlanke onígálọ́ọ̀nù omi kiri àdúgbò. Garuwa ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìyàwó á máa fọṣọ, á sì máa gún jéró fún àwọn ilé tó yí wọn ká. Wọn kì í sanwó ilé. Onílẹ̀ ló gbà wọ́n láàyè kí wọ́n máa bá a ṣọ́ ilẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà wá da yẹ̀pẹ̀ síbẹ̀ lóru, kí ó sì sọ ọ́ di tirẹ̀ láàárọ̀. Kò síwèé láàárín wọn. Wọ́n á bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ á wọ iléèwé àdúgbò. Lọ́jọ́ tí onílẹ̀ bá kó bíríkìlà dé, a máa ń retí pé kí wọ́n di ẹrù wọn, kí wọ́n lọ ṣọ́ ilẹ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn odi ìlú. Ọ̀pọ̀ jù lọ ń lọ bẹ́ẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí kò sí ohun tí wọ́n lè sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti pẹ́ nídìí òwò ní Niamey ju bí mo ṣe dàgbà tó lọ, ló kọ́ mi ní ohun tí àwọn ará ahéré wúlò fún. Ajẹ́ńtì mú wa lọ wo ilẹ̀ kan lápá Tchangarey. Ó fi ìwé hàn, ó fi òkúta ààlà hàn, ó sọ̀rọ̀ títí itọ́ gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, a sì lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní kí n jẹ́ ká padà lọ láìsí ajẹ́ńtì. Wọ́n ra ṣúgà àti ewé tíì dání, wọ́n jókòó ti garuwa tó ń gbé orí ilẹ̀ náà, wọ́n bá a sọ Zarma. Kò pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi dá sí i láti ìdí ààrò pé ọ̀gá míràn, tó ń wọ agbádá funfun, máa ń wá wo ilẹ̀ yìí náà, òun ló sì fún àwọn lówó ọdún Iléyá. Ẹ̀gbọ́n kò béèrè ohunkóhun mọ́. Lójú ọ̀nà ni wọ́n tó sọ fún mi pé, “Àbúrò, ajẹ́ńtì mọ ẹni tó wá lọ́sàn-án. Àwọn wọ̀nyí mọ ẹni tó wá lóru.” Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá bi mí léèrè bí a ṣe ń yẹ ilẹ̀ wò ní Niamey, màá ní kí ó lọ sọ́dọ̀ nótérì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ mu tíì nínú ahéré.

Omi ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì ni Odò Ọya ń kún ní Niamey lọ́dún kan. Ìkún àkọ́kọ́, omi pupa, máa ń dé ní nǹkan bí oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹsàn-án. Inú àwọn odò bíi Sirba àti Gorouol tó ń ti apá Burkina ṣàn bọ̀ ló ti ń wá. Ìkejì, omi dúdú, òkè Guinea lọ́hùn-ún ló ti gbéra, yóò sì rìn fún oṣù mélòó kan kí ó tó dé Niamey nígbà ọyẹ́. Láyé àtijọ́, omi dúdú ni àwọn apẹja ń kà sí ìkún gidi. Ó ti yí padà. Ilẹ̀ Sahel ti gbó, igi ti tán lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ ti le. Òjò tó bá rọ̀ kò wọlẹ̀ mọ́, ńṣe ló ń sáré bọ́ sódò. Fún ìdí yìí ni omi pupa ṣe ń ga sí i, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ọ̀dá ti mú ilẹ̀ náà.

Ní 2012, ó wọlé tọ àwọn èèyàn. Ní 2020, ó kọjá ti 2012: àwọn ògiri yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n mọ láti dá a dúró já, Kirkissoye àti Lamordé àti àdúgbò míràn létí odò sì wọ abẹ́ omi. Ọ̀pọ̀ ilé alámọ̀ tó wó níbẹ̀ kì í ṣe pé ìgbì gbá wọn. Ìdí wọn ló rọ̀, wọ́n sì jókòó sílẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e gan-an ni afárá kẹta, èyí tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀gágun Seyni Kountché pè, ṣí, tó mú kí ó rọrùn láti sọdá sí Harobanda lódìkejì odò. Ajẹ́ńtì tó ń sá fún apá ibẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2020 ti ń pariwo pé ilẹ̀ ibẹ̀ ló kù. Kò parọ́ tán. Yunifásítì Abdou Moumouni wà ní apá ibẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá yàrá lọ́dọọdún. Ohun tí onílé tuntun gbọ́dọ̀ wá kiri ni ibi tí omi dé. Ẹni tó ń tà kò ní sọ. Ògiri yóò sọ. Bí wọ́n bá kun ògiri kan lọ́dà tuntun láti ilẹ̀ dé ìdodo, tí òkè rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà, kí ni o tún ń béèrè?

Amọ̀ tí mo dárúkọ yẹn, àwa tí a ti Èkó wá kì í fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Búlọ́ọ̀kù ni ilé lójú wa. Ó dára, ẹ wá gbé inú yàrá búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi páànù bò láìsí àjà ní oṣù Kẹrin, nígbà tí oòrùn Niamey bá kọjá ogójì lórí ìwọ̀n Celsius, tí iná sì lọ. Ìta ni gbogbo èèyàn ń sùn. Ayálégbé tó bá jìyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò wá ibòmíràn kí ọdún tó yípo, owó oṣù tí yàrá yóò fi ṣófo kò sì sí nínú ìṣirò iwájú ìsọ̀. Mariam Issoufou, ayàwòrán ilé tó jẹ́ ọmọ Niger, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ilé mẹ́fà kan ní 2016 tí wọ́n pè ní Niamey 2000. Bíríkì amọ̀ tí wọn kò sun níná ni wọ́n fi kọ́ ọ, alájà ni, wọ́n sì fún un mọ́ra bí àwọn ìlú Hausa àtijọ́ ṣe ń fún ilé mọ́ra. Ilé olówó ìwọ̀nba ni, ó sì tutù. N kò sọ pé kí gbogbo onílé lọ pe ayàwòrán tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé. Mo ń sọ pé ká yé fi amọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ilẹ̀ tó gbóná báyìí, bí a bá ti gbé ìdí rẹ̀ ga tí òrùlé rẹ̀ sì yọ síta dáadáa.

Ní ti ayálégbé, ọ̀nà méjì ló wà níwájú onílé Niamey. Èyí tó ń dán lójú ni ilé ńlá fún àwọn àjọ aṣèrànwọ́ àti àwọn òyìnbó: kànga oníjẹnẹrétọ̀, yàrá ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu géètì, ìwé àdéhùn, nọ́ńbà owó orí, owó oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Plateau àti Koira Kano kún fún irú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ní ọ̀kan kì í sọ̀rọ̀ sókè mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2023, àwọn ológun gba ìjọba. Kí oṣù náà tó parí, ECOWAS ti ti ẹnubodè; nígbà tí oṣù Kẹjọ bẹ̀rẹ̀, Nàìjíríà gé iná tó ń tà fún Niger, tó fi jẹ́ pé inú òkùnkùn tí ìjọba tiwa fi ránṣẹ́ ni àwa ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú ń gbé. Kí ọdún tó parí, àwọn ọmọ ogun Faransé ti lọ, ilé aṣojú wọn náà sì tì ní nǹkan bí àkókò yẹn. Ní 2024 ó kan àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń gbé ilé ńlá ń dín kù, pátákó À LOUER, “ilé wà fún yíyá”, sì ń yọ lára ògiri tí kò mọ pátákó rí. Onílé tó ti gbówó lọ́wọ́ báńkì kọ́lé ń sanwó ẹ̀ṣọ́ fún ilé tí kò sẹ́nìkan nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kejì kò dán. Ọgbà kan, yàrá mẹ́jọ mẹ́wàá tó kojú síra wọn, ìwẹ̀ méjì, ṣáláńgá kan. Tísà, télọ̀, olùkọ́ ilé kéwú, ọmọge tó ń ta omi dídì nínú fírísà. Ìṣòro ibẹ̀ kò lópin: mítà iná kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń lò, ẹni tó ní gílóòbù kan kò sì ní gbà kí òun àti onífírísà pín owó iná lọ́gbọọgba. Ṣáláńgá kún, ta ni yóò sanwó fún ẹni tó ń gbọ́n ọn? Oṣù Ramadan dé, ìdajì wọn ní kí onílé fi sùúrù sí i. Síbẹ̀, ìfipágbàjọba dé, wọ́n ń bẹ níbẹ̀. Iná lọ, wọ́n ń bẹ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè pe tísà padà sí Paris. Èmi ò mọ ìmọ̀ràn tí àwọn olówó ńlá ń gbà, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ owó mi, yàrá mẹ́wàá fún àwọn tí kò níbi tí wọ́n ń lọ ni màá fi í kọ́. Mítà kéékèèké, yàrá kọ̀ọ̀kan tirẹ̀, ni màá sì kọ́kọ́ rà kí n tó ra ọ̀dà.

Àwọn tó jọ ń gbé inú ọgbà bẹ́ẹ̀ tún ń ṣe nǹkan kan fún onílé tó jẹ́ àlejò: wọ́n ń dúró tì í. Ní 1969 ni Abner Cohen, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, gbé ìwé rẹ̀ jáde nípa àwọn Hausa tó tẹ Sábó Ìbàdàn dó. Onílé inú ìwé yẹn, megídá, kì í fi owó ilé ṣọrọ̀. Ó ń gba oníṣòwò màlúù àti olóbì sílé, ó ń bá wọn wá oníbàárà, ó sì ń dúró fún wọn lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Lórí òwò náà ló ti ń jẹ. Ìdúró yẹn ni ilé náà ń tà. Ní ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àlejò tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn Yorùbá tó ti kọ́lé sí Kumasi àti Tamale di ẹrù. Ẹni tó rí aládùúgbò tó fọkàn tán fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ẹni tí kò rí tà á ní owó tó bá yọjú. Títí di òní, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ṣakí, ní Ìgbóho, ilé kò jìnnà sílé tí wọ́n ti ń sọ ìtàn náà, òun ló sì fà á tí àgbà wa kan ní Niamey yóò fi ní owó ilé mẹ́rin lọ́wọ́, tí yóò ṣì máa gba yàrá gbé. Bẹ́ẹ̀ àwa náà lé ará Ghana àti ará Niger jáde ní Nàìjíríà ní 1983. Àwọn onílùú wa níbí kò gbàgbé, wọn kì í kàn sọ ọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tó ń gba yàrá gbé yẹn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń kọ́lé sí, pàápàá láti oṣù Kẹfà 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, tí sẹ́fà díẹ̀ ń di búlọ́ọ̀kù púpọ̀ nílé. Àbúrò mi tó ń gbé Àbújá pe èyí ní ọgbọ́n. Ọmọbìnrin wọn àgbà, tí wọ́n bí sí Boukoki, tó ń sọ Zarma ju Yorùbá lọ, ni kò rí i bẹ́ẹ̀. Ó bi wọ́n lójú wa lálẹ́ ọjọ́ kan pé, “Bàbá, ta ni ẹ ń kọ́ ilé yẹn fún? Níbí ni àwa wà.” Wọ́n dá a lóhùn pé ìlú àwọn ni, kò sẹ́ni tó lè lé àwọn níbẹ̀. Ó ní òun náà, kò sẹ́ni tó lè lé òun ní Boukoki, àwọn tó bá òun dàgbà kò ní gbà. Ẹ̀gbọ́n kò dáhùn. Èmi tí mo ti ń bi ara mi pé ta ni yóò dúró ti àlejò ní Niamey kò ronú kan ọmọ rí.

Ẹ̀gbọ́n ti ra ilẹ̀ ní Niamey báyìí, kì í ṣe ti Tchangarey, kì í sì í ṣe létí odò. Yàrá ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Garuwa tó wà lórí rẹ̀ yóò gba yàrá kan lẹ́bàá géètì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́, ìyàwó rẹ̀ ti yan èyí tó fẹ́. Orúkọ ọmọbìnrin náà àti ti àwọn àbúrò rẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n kọ sórí ìwé. Nótérì ní kí wọ́n mú ìwé ọjọ́ìbí gbogbo wọn wá. Ti ẹni àbíkẹ́yìn wà lọ́wọ́ iléèwé rẹ̀, iléèwé sì ti lọ fún ìsinmi, nítorí náà àfi oṣù Kẹwàá.